Ògidì àti Awọ Tó Ń Ya Omi Lára Ọtí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń ṣe awọ kan níbi iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Oje ewéko inú òkun ló fi ń ṣe é. Á po amọ̀ lúbúlúbú mọ́ ọn, á tẹ́ ẹ sórí dígí, á jẹ́ kó gbẹ. Awọ yìí á jẹ́ kí omi kọjá, á dá ọtí dúró. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó yẹ kó máa fa omi náà lódìkejì ti dákẹ́. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó ṣe sùúrù. Ó ní sùúrù ò lè fa omi.

Ọkọ àǹtí wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Ògidì nítorí pé kì í bomi la ọtí rẹ̀, ti búra fún ìyàwó rẹ̀ pé ọtí ò ní kan ẹnu òun mọ́. Bó ṣe gbọ́ nípa awọ yìí, ó yọ́ mú ọ̀kan nínú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wálé, ó so ó mọ́ ẹnu ìgò ọtí líle, ó jókòó ní pálọ̀, ó ń fà á.

"Kí lẹ ń mu yẹn?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Omi ni. Tọ́ ọ wò."

Ó tọ́ ọ wò. Omi ni lóòótọ́. Àǹtí ò mọ ohun tí òun ì bá bínú sí, ló bá bú sẹ́kún.

A rò pé ẹ̀gbọ́n mi á já awọ rẹ̀ gbà ni. Ṣe ló kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fà á, ẹ má dúró!"

Lọ́jọ́ kejì, Ògidì wọ aṣọ funfun níbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó jókòó ti ìgò, ó fi rọ́bà tó so mọ́ awọ sẹ́nu. Ọ̀gá àgbà wọlé, ó yí i po.

"Ẹ̀rọ wo lèyí?"

"Ọkọ àǹtí mi ni, sà."

"Kì í gbóná jù?"

"Ó máa ń sinmi jẹun, sà."

Ọ̀gá rọra mirí. "Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ń pariwo."

Bí omi ṣe ń tán nínú ìgò ni ọtí tó kù ń le sí i. Ògidì á máa wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó oníyàwó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀gá àgbà dúró tì í, awọ ya fàà. Ọtí ya wọ inú rọ́bà. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pariwo. Ògidì ò gbé e mì. Ó fẹ́ ẹ padà tagbáratagbára, ó fọ́n sára ọ̀gá àgbà.

"Ẹ jẹ́rìí mi o!" Ó ń nu ẹnu. "Kò wọlé o! Ẹ sọ fún ìyàwó mi!"

Ẹ̀gbọ́n mi dín amọ̀ kù, awọ tuntun ò ya mọ́. Wọn ò ra ẹ̀rọ mọ́. Ohun tó ń dun àǹtí báyìí ni pé ọkọ rẹ̀ ò mu omi ilé mọ́. Ó ní kò ládùn.