Àga Ẹ̀gbẹ́ Fáànù

Ẹnìkan ti jókòó sórí àga Maarten. Kì í ṣe pé ó jókòó nìkan o, wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Àga ẹ̀gbẹ́ fáànù ni, ní ṣọ́ọ̀bù kọfí Ìyá Nuan, ní ìlú Trang nílẹ̀ Thailand, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun láàárọ̀ kùtù. Leif ló jókòó síbẹ̀, ọmọ Norway tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí irun rẹ̀ pupa bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo, tí kò sì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kí ló ṣe tí wọ́n fi ń pàtẹ́wọ́? Ó ní ẹran dùn. Ó sọ ọ́ ní èdè Thai. Ó tán.

"Ẹ gbọ́ èdè yìí ju àwa onílé lọ, sà," Ìyá Nuan wí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọfí síwájú ọmọ tí ì bá jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ẹ rọra mu ún o, ó gbóná."

Maarten, ọmọ Holland tó ti fẹ̀yìn tì, wá àpótí kékeré kan jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ọdún kẹsàn-án rẹ̀ rèé nílùú yìí. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, òun náà kò lè la ẹnu béèrè omi kí wọ́n má kan sáárá sí i. Ìgbà wo ni wọ́n jáwọ́? Kò mọ̀. Ìyìn náà kàn gbẹ bí omi kànga nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rèé, ó pẹ́ lára ọṣẹ títí, ọṣẹ wá ń ṣe bí ẹni pé òun ò rí i.

Ó retí kọfí. Kọfí ò dé. Wọ́n gbé tíì fún Leif, wọ́n tún fi àkàrà fúláwà tí kò béèrè tì í. Ó fi igi tín-ín-rín méjì tí wọ́n fi ń jẹun mú ẹran, wọ́n yìn ín. Ẹran bọ́ sórí ṣòkòtò rẹ̀, wọ́n tún yìn ín, bí ẹni pé bó ṣe bọ́ náà dáa. Maarten ń jowú.

Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kò burú. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó sì ju gbólóhùn kan sílẹ̀, gígùn, oníyì, irú èyí tí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò máa ń sọ, pé òórùn ẹran òwúrọ̀ yìí tó í jí ẹni tó ń sùn nílùú kejì.

Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn. Bàbá Thawin, tó ti ṣiṣẹ́ réluwéè rí, tí òun àti Maarten jọ máa ń ta dráàfù, ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ sójú ewé kejì.

"Bóo bá máa sọ̀rọ̀ tó yẹn," ó ní, "sún díẹ̀. O dí atẹ́gùn mi."

Maarten sún. Ìyá Nuan ń kọjá lọ, ó fi ìka gún un níkùn, ó ní ikùn yìí tún ti yọ sí i. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ṣọ́ọ̀bù kọfí mìíràn wà lẹ́yìn ibùdó réluwéè. Kọfí tiwọn dà bí omi tí wọ́n fi fọ mọ́tò, ṣùgbọ́n ó kéré tán, wọ́n á mọ̀ pé ẹnìkan wọlé. Maarten dìde. Kò ní padà wá mọ́ láé.

"O ṣeun tóo dìde," Ìyá Nuan ní, kò tiẹ̀ wò ó. "Orúnkún ń dùn mí. Bu tíì sí i fún àlejò. Kóo sì po kọfí tìẹ, àbí kí lo ti ń wò mí láti àárọ̀ sí? Ìgbà wo ni mo ti gbé kọfí fún ẹ gbẹ̀yìn?"

Maarten dúró. Ó rò ó. Lóòótọ́, ó ti pẹ́.

"Ọ̀la ni a máa se oúnjẹ fún àwọn àlùfáà Búdà tó wà ní tẹ́ńpìlì, nítorí ọdún ikú ọkọ mi. Tètè dé kílẹ̀ tó mọ́, kóo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àlùbọ́sà tóo gé nígbà ìsìnkú yẹn, òmíràn fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, fara balẹ̀."

Leif gbórí sókè, ó béèrè bóyá òun náà lè wá bá wọn gé nǹkan.

Ojú Ìyá Nuan di oyin. "Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà, sà. Tó bá di ọ̀sán, ẹ kàn wá jẹun."

Àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀. Leif dúpẹ́, ṣùgbọ́n Maarten rí bó ṣe ń wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó gbà wọlé. Ó mọ irú ìwò yẹn. Láti àárọ̀ ló ti wà lójú òun náà.

Ó gbé kẹ́tùlù. Ó bu tíì, ó nu etí ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú ọmọkùnrin náà.

"Ẹ mà gbọ́ èdè Thai gan-an o, sà," ó wí.

Inú Leif dùn débi pé gbogbo eyín rẹ̀ yọ síta. Maarten kọjá sẹ́yìn ààrò, ó lọ mú ife rẹ̀ níbi tó máa ń wà.