Kò Burú Tí Wọ́n Gbọ́ Sí Bẹ́ẹ̀ Ni

Ẹ̀gbọ́n mi Kareem kì í wo ojú ènìyàn kó sọ pé rárá. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ ní ohun tí kò fẹ́ ṣe, á rọra mi orí, á ní, "Kò burú, a ti gbọ́." Gbogbo àwa tí a jọ dàgbà mọ̀ pé ẹni tó bá ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu rẹ̀, kó yáa wá ẹlòmíì lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich, ní London, ìlú òyìnbó kò sì tíì gba ìwà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Òun ni àgbà ìdílé wa láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Nítorí náà, nígbà tí iléeṣẹ́ awakùsà kan rí òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì mọ́tò nínú ilẹ̀ wa ní Abà Sàámú, lẹ́yìn Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wá. Àbúrò wa Teslim ló ń dáko níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni sàréè ìyá wa wà, lẹ́yìnkùlé. Bí àwa tí a ni ilẹ̀ kò bá gbà, wọn kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ kàn án.

Ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Glyndon Estate ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣèpàdé. Èmi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ní Thamesmead Moorings, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, ṣùgbọ́n wọ́n ròyìn fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní fi èdè àyálò dúnàádúrà lórí ilẹ̀ tí ìyá òun sùn sí, Yorùbá ni òun máa sọ. Ọmọ rẹ̀ Anisah ló wá ń ṣe ògbufọ̀. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí sí Woolwich, tí kò gbọ́ Yorùbá ju "wá jẹun" àti "màá gbá ẹ létí" lọ! Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, àmọ́ ta ló kọ́ Anisah ní ìyẹn?

Míìsì Hadley, obìnrin tó ṣojú iléeṣẹ́ náà, na àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ó fi ibi tí ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ lu hàn wọ́n, ó sì béèrè bóyá àwọn lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo àwòrán náà títí. Ó ní, "Kò burú, a ti gbọ́." Anisah yíjú sí obìnrin náà, ó ní bàbá òun ní it's fine. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ it's fine yẹn ketekete, kò rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Létí tiẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì "kò burú" náà nìyẹn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n mu tíì, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa tún pàdé.

Lọ́jọ́ ìpàdé kejì, mo wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti Thamesmead nígbà tí Teslim pè mí. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ débi pé mo ní láti fi ọwọ́ di etí mi kejì.

"Àǹtí mi, wọ́n ti dé o," ló wí. "Àwọn àti ọlọ́pàá. Wọ́n ní London ti gbà. Ṣé lóòótọ́ lẹ ti ta Ìyá?"

Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun ti lọ jókòó sórí sàréè, kí ẹ̀rọ náà yáa gba orí òun kọjá.

 Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ. Mo mọ Teslim, kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Mo mọ àwọn ọlọ́pàá tó ń gbé ìbọn náà, ìbọn kì í sì í béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Mo sáré padà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi, títí mo fi dé yàrá tí iléeṣẹ́ náà háyà nítòsí Woolwich Common. Nígbà tí mo wọlé, Míìsì Hadley ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ̀rọ ti dé Abà. Teslim ti jókòó sórí sàréè Ìyá."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tún jókòó. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bi Míìsì Hadley bóyá lóòótọ́ ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ ti dé, ṣebí ẹ ní it's fine. Mo wá irọ́ lójú rẹ̀ títí, n kò rí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù, pé nǹkan lè bàjẹ́ tó báyìí kó má sí òpùrọ́ kankan níbẹ̀.

Anisah yíjú sí bàbá rẹ̀. "But Daddy, o sọ pé kò burú. Kò burú means it's fine, àbí?"

"Ọmọ mi, mo ní mo ti gbọ́ ni. Mi ò ní mo gbà."

Míìsì Hadley kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ojú ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò. Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀, rárá kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ní ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó pa Teslim.

"No," ló wí nígbẹ̀yìn, bí ẹni ń tọrọ àforíjì. "Madam, no. We don't agree."

Ojú obìnrin náà funfun báláú. Kò bá wa jiyàn rárá, ó fa fóònù yọ, ó sì ń pe àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Abà. Èmi náà pe Teslim, mo tẹ ohùn síta kí gbogbo wa lè máa gbọ́. Ẹ̀rọ ń ké, ó sì ń sún mọ́ ọn. Lábẹ́ ariwo náà la gbọ́ tí àbúrò mi ń ka kálímà ṣàhádà, bí ẹni tó ti gbà pé òun ń lọ. Anisah fi ọwọ́ bo etí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń pe Ọlọ́run. Èmi kò lè gbàdúrà, mo kàn ń wo ẹnu Míìsì Hadley bó ṣe ń pariwo "Stop, stop it now" sínú fóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

"Teslim, dìde," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "A ti sọ fún wọn pé a ò gbà."

Teslim ní, "Bọ̀dá, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí wọ́n wá. Tí mo bá dìde, kí ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ẹ ò ní sọ nǹkan míì lọ́la?"

Ẹ̀gbọ́n mi búra, ó ní wàláhì, òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Teslim ní ibi tí òun wà yìí ni òun máa wà, ó sì gé fóònù mọ́ wa létí.

Míìsì Hadley béèrè lọ́wọ́ Anisah pé kí ló sọ. Ọmọ náà ní òun ò lè túmọ̀ nǹkan kan mọ́, ẹ̀rù ń ba òun. Èmi ni mo wá sọ fún un pé àbúrò wa kò gbà wá gbọ́ mọ́.