Kóòtù Tíṣà Lọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí Ìyá Aránṣọ bá ní kí èèyàn wá gba aṣọ lọ́jọ́ Ẹtì, kì í sọ Ẹtì ọ̀sẹ̀ wo. Òun gan-an a máa fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Á ní ìyàwó kan gbé aṣọ ìgbéyàwó wá fún òun rí, ọjọ́ tó rí i gbà, ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ló bá a gbé e délé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo aṣọ tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí èyí tó pẹ́ tó kóòtù Tíṣà. Ọdún mẹ́tàdínlógún.

Tíṣà ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé epo. Ilé kẹta sí ti Ìyá Aránṣọ ló ń gbé. Ó kó aṣọ dúdú kan tó nípọn wá, ó ní kí màmá bá òun fi rán kóòtù. Màmá wọ̀n ọ́n, ó kọ ìwọ̀n sínú ìwé, ó ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn sójà wá mú Tíṣà, nítorí pé ó ń kó èèyàn jọ, ó ń sọ pé kí sójà gbé ìjọba sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Aránṣọ ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó yára. Àwọn sójà ń wọ ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá ẹni tó bá mọ Tíṣà rí. Màmá fa ojú ìwé tí ìwọ̀n wà ya, ó fún un pọ̀, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó fi omi gbé e mì. Ó gé aṣọ náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi rán tìmùtìmù sórí àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Kí oòrùn tó wọ̀, iṣẹ́ ti parí. Látìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán, kò tíì parí iṣẹ́ kankan lọ́jọ́ kan ṣoṣo rí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ìyàwó Tíṣà wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní wọ́n fẹ́ gbé ọkọ òun lọ síwájú adájọ́, ẹ̀wù tó wọ̀ lọ sì ti fàya. Ó ń bèèrè bóyá kóòtù ti ṣe tán. Ìyá Aránṣọ kò gbójú kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.

"Kóòtù ta ni?"

"Ti bàbá àwọn ọmọ mi ni, Màmá. Ti Tíṣà."

"Mi ò mọ Tíṣà kankan."

Obìnrin náà wò ó títí, ó yíjú, ó lọ. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Kò pẹ́, ó kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Ayé ń yí. Sójà lọ, Tíṣà jáde lẹ́wọ̀n, ìlú dìbò, wọ́n sì fi Tíṣà ṣe olórí orílẹ̀-èdè. Ni gbogbo àdúgbò bá di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án kan. Ẹni tó ti ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún un ń sọ pé àwọn jọ ń jẹun ni. Ìyá Aránṣọ náà kò lè pa ẹnu mọ́. Ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé òun lòun ń ránṣọ fún un, kóòtù rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ọ̀rọ̀ rìn títí, ó dé etí Tíṣà. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé wá gba kóòtù náà, aṣọ yẹn lòun fẹ́ wọ̀ lọ búra fún ipò tuntun.

Ìyá Aránṣọ sáré ra aṣọ dúdú mìíràn, ó fẹ́ fi dọ́gbọ́n, ó wá rántí pé inú ikùn òun ni ìwọ̀n wà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Màmá ní irọ́ tòun kò tilẹ̀ lókun, kò lè rìn pé ogún. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, gbà á nímọ̀ràn pé kí ó sọ òótọ́.

"Òótọ́? Pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Tíṣà dé lóòótọ́, òun àti ẹ̀ṣọ́ méjì. Ó ti rù, orí rẹ̀ ti funfun. Ó dọ̀bálẹ̀ kí màmá, ó sì lọ jókòó sórí àga oníbàárà.

"Màmá, ẹ ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ má bínú, mo pẹ́ díẹ̀."

Ẹnu Ìyá Aránṣọ ti mọ ọ̀nà ara rẹ̀. "Ó ku bọ́tìnnì nìkan," ló kọ́kọ́ bọ́ jáde. Ìgbà tó gbọ́ ohun tí òun sọ, orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

"Irọ́ ni, Tíṣà. Orí ẹ̀ lẹ jókòó lé yẹn. Mo gé e. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìyàwó yín sì wá, mo ní mi ò mọ̀ yín."

Tíṣà dìde, ó fọwọ́ kan tìmùtìmù náà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ó sọ fún mi. Ẹ̀wù tó ya yẹn ni mo wọ̀ dúró níwájú adájọ́. Ó dùn mí gan-an ni." Ó di màmá lọ́wọ́ mú. "Àmọ́ ẹ dìde, Màmá. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi, ọ̀gá sójà kan bi mí bóyá mo mọ Tíṣà tó ń da ìlú rú. Mo ní mi ò mọ Tíṣà kankan. Ó wo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò. Ẹ sàn jù mí lọ. Ẹlòmíì lẹ̀yin sẹ́, èmi sẹ́ ara mi."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ bú sẹ́rìn-ín kí ó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà na apá méjèèjì, ó ní kí màmá wọn òun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìbúra.

Ọjọ́rú ni kóòtù náà délé Tíṣà. Àdúgbò kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ìkánjú ti mú kí màmá gé apá ọ̀tún kúrú. Nígbà tí Tíṣà na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti búra, apá kóòtù sá gòkè, àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì hàn ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kedere. Àgbà ọkùnrin sunkún. Akọ̀ròyìn kan wá bá Ìyá Aránṣọ, ó ní ọgbọ́n ńlá ló dá, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gé e kúrú kí aráyé lè rí àpá ìyà.

Màmá ní òun ṣì í gé ni.

Akọ̀ròyìn rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, ọmọ màmá kà á sí i létí: wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin àgbà náà kì í fẹ́ ìyìn. Ìyá Aránṣọ ní kí ó ká ìwé náà.

"Kí wọ́n lọ bi Tíṣà fúnra ẹ̀. Àárọ̀ yìí ló ránṣẹ́ pé kí n bá òun fi kún apá ọ̀tún, òtútù ń mú òun lọ́wọ́."