Ife Omi Ara Ògiri

“Gbé etí rẹ kúrò lára ògiri ológiri,” ni Díákónì Àbísóyè wí bó ti ń wọ yàrá náà. “Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́?”

Toheeb oníṣẹ́ omi ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbé ẹnu ọ̀pá irin tín-ín-rín kan lé ògiri níbi tí kò ga ju orúnkún lọ, ó fi etí sí ìdí ọ̀pá náà, ó sì dijú bí ẹni tó ń tòògbé. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń wá orísun omi tó ń jò ní ìkọ̀kọ̀ nínú ilé onílé, láti Bruma títí dé Randburg, ní ìkangun gúúsù ilẹ̀ adúláwọ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ ọ kò ju ẹyọ kan lọ: ògiri kì í purọ́, ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ni kí èèyàn máa ṣọ́. Nígbà tó gbọ́ èyí tó fẹ́ gbọ́ tán, ó nà ró, ó fi aṣọ nu ọ̀pá rẹ̀, ó sì tẹrí ba díẹ̀ fún àwọn mẹ́ta tó wọlé.

“Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Ìyá onílé ló pè mí.”

“Onílé,” ni Díákónì tún ọ̀rọ̀ náà sọ, bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ kíkan wò.

Ìyá onílé náà, Fúnlọ́lá, dúró sí ẹnu ọ̀nà nínú aṣọ dúdú. Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ọkọ rẹ̀, Láolú, kú; àìsàn kíndìnrín ló pa á. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ra ilé yìí ní Roodepoort, orúkọ àwọn méjèèjì ló sì wà nínú ìwé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìsìnkú ni ògiri yàrá tí Láolú ń sùn sí bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó kọ́kọ́ fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó yá, ó fẹ̀ bí ẹní. Ọ̀dà wú, ó bó, omi wá ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀. Díákónì Àbísóyè, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí ilé tirẹ̀ fara kan ilé náà, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ. Ó ní ògiri ń sunkún. Ó ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

Ní ìlú wọn nílé, ẹbí a máa fún opó ní omi tí wọ́n fi wẹ òkú ọkọ rẹ̀ mu, kó lè hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Díákónì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ará oko. Níbi ìpàdé ẹbí tí wọ́n ṣe ní Randburg, ó ní ọ̀làjú ti dé, a kì í fi omi òkú lọ opó mọ́. Omi tó ń jáde lára ògiri olóògbé ti tó. Kí wọ́n fi aṣọ ìnura fà á, kí wọ́n fún un sínú ife, kí ìyàwó mu ún lójú gbogbo wọn. Bí kò bá mu ún, kó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀, kó máa lọ.

Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe púrúǹtù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Titus Ọ̀ṣúndáre, ìbátan olóògbé, ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì. Òun ló gbé ojú sókè, tó ní sáyẹ́ǹsì kò tíì ṣàlàyé ohun gbogbo. Dókítà Damaris, ọmọ àbúrò bàbá wọn, ń tọ́jú aláìsàn láti àárọ̀ dalẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè: ṣé wọ́n á kọ́kọ́ se omi náà ni? Díákónì ní bí wọ́n bá sè é, agbára rẹ̀ á lọ. Dókítà ní ó yé òun.

Òní ni ọjọ́ tí wọ́n dá, àwọn méjèèjì ló sì bá Díákónì wá. Láti àárọ̀ ni Díákónì fúnra rẹ̀ ti wá fún aṣọ ìnura sínú ife, tó gbé ife náà sórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Omi inú rẹ̀ pọ́n, èérún ọ̀dà sì léfòó lójú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti pàṣẹ.

“Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ mi ná,” ni Toheeb wí. “Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.”

“Iṣẹ́ wo? Páìpù kankan kò gba ibí yìí. Bóyá omi òjò ló wọ ibẹ̀.”

“Òjò kọ́, bàbá. Ìgbà òtútù la wà, tí òjò kì í rọ̀ níbí. Láti oṣù karùn-ún, òjò kò kán sílẹ̀ ní Roodepoort. Ẹ̀yin náà lẹ sì ti sọ fún wọn pé ẹkún ni. Èwo ni ká wá mú níbẹ̀?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n wúkọ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é, kó má baà di pé ẹnì kan á sọ lọ́la pé ẹbí kò ṣe ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ ni ọ̀rọ̀ tó lò. Ife náà wà nítòsí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Toheeb kó wọn lọ sí ẹnu géètì, níbi tí mítà omi wà. Ó ti ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé. Ó sì ti fáàfù tí omi ń gbà wọlé pẹ̀lú. Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ pupa kékeré inú mítà ń sáré bí eku tó rí ológbò.

“Ilé yìí kò gba omi kankan lọ́wọ́ báyìí,” ló wí. “Ta ló wá ń lò ó?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́ náà pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́jọ́ náà tí ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń kọ́ni ní físíìsì. Díákónì ní òtútù yìí kò dára fún ara àgbà, kí àwọn ìyókù máa wọlé lọ, òun á bá oníṣẹ́ náà parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ọṣẹ tó sùn sínú omi.

“Kí lorúkọ rẹ, àbúrò mi?”

“Toheeb ni, bàbá.”

“Toheeb. Ṣé o mọ̀ pé èmi ni mò ń bójú tó ilé ìjọ wa ní Randburg, àti ilé àlejò méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀? A kò ní oníṣẹ́ omi gidi níbẹ̀. Ọmọ wa ló yẹ kó máa ṣe é.”

“Ẹ ṣeun, bàbá.”

“Ìwọ ṣáà sọ fún wọn pé o wá a, o kò rí i. Ohun tí ojú kò rí, ẹnu kì í ròyìn rẹ̀.”

“Èmi kì í fi ojú wá a, bàbá. Etí ni mo fi ń wá a.” Toheeb na ọwọ́ sínú ihò mítà. “Etí mi sì ti gbọ́ èyí tí ẹ sọ yìí náà. Ó ń dún bí ibi tó ń jò.”

Ó ti fáàfù ìta, èyí tó wà nídìí mítà, pa.

Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí orí obìnrin kan fi yọ lókè ògiri tó pààlà ilé Díákónì, ìhó ọṣẹ bo irun rẹ̀, ojú kan ṣí, ojú kan dì. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé Díákónì ni. Yàrá mẹ́fà ni Díákónì kọ́ mọ́ ìdí ògiri náà fún wọn. Gẹ̀ẹ́sì tó pò mọ́ Súlú ló fi ké pe onílé rẹ̀. Ó ní eish, bàbá, omi ti lọ, ọṣẹ fẹ́ fọ́ òun lójú. Ilẹ̀kùn kejì ṣí lẹ́yìn rẹ̀, ìkẹta tẹ̀ lé e, wọ́n ń lu garawa. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Dókítà gbọ́ ariwo, wọ́n tún jáde síta. Fúnlọ́lá tẹ̀ lé wọn.

Toheeb ṣí fáàfù náà. Ariwo rọlẹ̀, ẹnì kan dúpẹ́ lẹ́yìn ògiri. Ó tún tì í. Èpè bẹ̀rẹ̀.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó nínú irú àyẹ̀wò báyìí. Ṣé kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta?”

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó ti tó.

Wọ́n padà sínú yàrá. Toheeb kò lu òòlù ju ìgbà mẹ́jọ lọ kí bíríkì tó là. Níbi tí ọ̀pá rẹ̀ ti kan ògiri gan-an, páìpù oníke tuntun kan yà lára páìpù irin àtijọ́ tó ń bọ̀ láti ẹnu géètì. Kí omi tó dé fáàfù ilé rárá ni wọ́n ti dá a lọ́nà níbẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà táyà di oríkèé wọn bí ẹni di egbò, omi tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ sì ń kán tó, tó. Páìpù oníke náà lu ògiri já sí ọ̀dọ̀ Díákónì.

Fúnlọ́lá wò ó títí.

“Ìgbà tí mò ń sùn sí ọsibítù ti Láolú ni Bùrọ̀dá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi,” ló wí, kò gbé ohùn sókè. “Wọ́n ní àwọn á máa bá wa ṣọ́ ilé.”

“Omi àbúrò mi ni,” ni Díákónì dáhùn. “Ta ló ń jí omi ọmọ ìyá rẹ̀?”

Dókítà Damaris ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ pé páìpù lásán ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí oníṣẹ́ náà jọ̀wọ́ bá wọn bò ó. Toheeb ní ẹni tó bá pe òun ni òun ń kọ ìwé fún. Lórí ìdúró níbẹ̀ ló ti kọ ọ́: ibi tí omi ti ń jò, irú páìpù tó jẹ́, àti ilé tó já sí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Fúnlọ́lá, bí ẹni tó ń kí i kú ọ̀fọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ife, ó sì wo fóònù rẹ̀, níbi tí àwọn ará ilé ti ń béèrè ìròyìn láti àárọ̀.

“Ìyàwó wa,” ló wí, ohùn rẹ̀ kún fún àánú, “gbogbo wa la ti mọ̀ báyìí pé ọwọ́ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wà nílé, kí ni wọ́n mọ̀ nípa páìpù? Fi kan ètè lásán, ẹ̀kán kan péré, ká lè sọ fún wọn pé o mu ún. Nítorí àlàáfíà.”

Fúnlọ́lá wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé lórí tábìlì, ó fi í sínú àpò aṣọ dúdú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife, ó rìn lọ síwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, bí ìyàwó ilé ti í kúnlẹ̀ gbé omi fún àgbà tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

“Bùrọ̀dá, omi yín rèé,” ló wí. “Ẹ gbà, kí ẹ mu ún.”

Lẹ́yìn ògiri, obìnrin ọlọ́ṣẹ lórí ṣì ń béèrè ìgbà tí omi máa dé. Díákónì na ọwọ́. Ó ti pẹ́ jù tó ti ń gba ohun tí ìyàwó bá gbé wá lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ ọ́. Ìka rẹ̀ kan ife.

Dókítà Damaris ló sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ má mu ún o, Bùrọ̀dá,” ló wí. “Omi yẹn lè pa èèyàn.”