Ọkọ̀ Tí Kò Rìn Nínú Ihò

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá gbé ìkòkò kaná, kó lọ rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ kó tó jókòó, torí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ kan dúró gbọ́. Ìtàn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, àti fíìmù tí wọ́n ṣe nínú ihò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀.

Baba Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá yìí. Ó wa ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó ṣàdédé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kò sì sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ó ra òòlù kékeré àti abẹ́rẹ́ ńlá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń tún bàtà ṣe. Láti ìgbà náà, bó ti wù kí ibi tó ń lọ jìnnà tó, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn ín, tàbí kó wọ bọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Ọmọ, ilẹ̀ tí ẹ ń sá fún yìí, ṣebí òun náà ni yóò gba gbogbo wa níkẹyìn?"

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á tún fi abẹ́rẹ́ gún awọ. Àgbà tí nǹkan ń jẹ lọ́kàn, ẹ̀rín ló fi ń bò ó.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fíìmù ló ń ṣe. Òun ló ń sọ ibi tí òṣèré yóò dúró sí àti ibi tí kámẹ́rà yóò kọjú sí. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn fíìmù inú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀: èyí tí ọlọ́pàá ti ń lé olè láti inú yàrá ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, èyí tí ilẹ̀kùn ti pa dé láàárín ọkọ àti ìyàwó tí wọn ò sì tún rí ara wọn mọ́. Á wá bi bàbá rẹ̀ bóyá bó ṣe rí náà nìyẹn. Bàbá á ní, "Gbogbo rẹ̀ ló jọ ọ́. Àfi pé nínú fíìmù, ọkọ̀ kì í pẹ́ dé."

Nígbà tó kan òun náà láti ṣe fíìmù tirẹ̀, ìtàn ọkọ̀ kan tó há sínú ihò ló kọ, ti awakọ̀ àti àwọn èrò tó wà nínú rẹ̀. Ó bẹ àwọn tó ni ọ̀nà irin títí wọ́n fi yá a ní ihò àtijọ́ kan àti ọkọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, fún ọjọ́ kan péré. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, fíìmù kọjá lọ nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni òṣèré tó fẹ́ ṣe awakọ̀ ránṣẹ́ pé inú rírun ti dá òun dùbúlẹ̀. Ọmọ sáré lọ bá bàbá rẹ̀ nídìí bàtà.

"Bàbá, ẹ gbà mí o. Ẹ kàn máa jókòó sórí àga awakọ̀ ni."

"Ìyá mi, mi ò wọ ihò mọ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yìí ò ní rìn rárá! Ojú kan ló máa dúró sí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló máa fi pákó mì í látìta."

Ó rò pé òun ń tù ú nínú ni. Kò rí i pé abẹ́rẹ́ bàbá ti dúró sínú awọ. Síbẹ̀ bàbá dìde. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bá ń ké, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í wúwo.

Ọ̀sán gangan ni lókè, ṣùgbọ́n òru ni nínú ihò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé: àwọn géńdé ti pákó gígùn bọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn gbé iná lọ́wọ́, wọ́n ń sáré kọjá lójú fèrèsé, kí ó lè dà bí ẹni pé ihò ló ń sá sẹ́yìn. Àwọn èrò tí wọ́n háyà ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún. Ọkùnrin tó ń bójú tó iná, tí wọ́n ń pè ní Oníná, pariwo:

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú pákó, ṣé ọkọ̀ lẹ ń mì ni, àbí ọmọ jòjòló lẹ ń rẹ̀?"

"Ọ̀gá Oníná, ẹ bọ́ síbí kẹ́ ẹ wá bá wa pọ̀n ọ́n!"

Gbogbo ihò bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń mì, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, ẹ̀yìn rẹ̀ nà bíi ti àtijọ́.

Ó wá kan ibi tí ọkọ̀ há sí. Àwọn onípákó dáwọ́ dúró. Iná kú. Gbogbo ihò pa rọ́rọ́. Bí ọmọ ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn awakọ̀: "Awakọ̀! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ fèsì, awakọ̀!" Bàbá yóò gbé tẹlifóònù, yóò pe àwọn tó ń darí ọkọ̀ láti òkè, ẹnì kankan ò ní dáhùn.

Ó gbé e lóòótọ́. Tẹlifóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá sì gbé orí lé orúnkún.

Ẹni tó mú kámẹ́rà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Háà, bàbá yìí mà mọ eré ṣe o!"

Ọmọ mọ̀ pé eré kọ́. "Ẹ tan iná!" Ó sáré wọlé, ó lóṣòó síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, kí ló dé?"

"Ìyá mi, kì í ṣe ọkọ̀ tó ń rìn ló lé mi kúrò lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó dúró ni." Bàbá nu ojú rẹ̀. "Iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ dúró láàárín ihò. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń kàn án yìí gẹ́lẹ́. Mo pe àwọn ará òkè títí, wọn ò dáhùn. Mi ò lè sọ fún àwọn èèyàn pé kò séwu, torí mi ò mọ̀. Ìyá kan ń bẹ̀ mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí n ṣáà sọ̀rọ̀, ohunkóhun tó bá jẹ́. Mo panu mọ́. Nígbà tí iná dé, kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ohùn ìyá yẹn ò jáde létí mi."

Ọmọ dìde. "Oníná, ẹ máa palẹ̀ mọ́. Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé."

"Fíìmù ńkọ́?"

"Kí ó máa lọ. Fíìmù ò bí mi."

Bàbá gbé tẹlifóònù nílẹ̀, ó nu eruku ara rẹ̀. "Ṣé eléyìí ń ṣiṣẹ́?"

"Rárá o. Ti eré lásán ni."

"Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Oníná wá wáyà, ó fi so ó pọ̀ mọ́ tẹlifóònù mìíràn lẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú òkùnkùn, ó gbé tẹlifóònù kejì sétí.

Wọ́n tún un ṣe. Ọkọ̀ mì, ọkọ̀ dúró, iná kú, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin ará òkè, ọkọ̀ mi dúró o. Ṣé ẹnì kankan ń gbọ́ mi?"

"Mo ń gbọ́ yín, Bàbá. Mi ò mọ ìgbà tí iná máa dé. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò níbí."

Bàbá mí kanlẹ̀. Kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kó ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ó ṣí i. Ó dúró níwájú wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò mọ ohun tó ṣe ọkọ̀ yìí. Ó dúró, èmi náà dúró. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó sún mọ́ mi, ká jọ máa bẹ̀rù."

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Ọkùnrin kan tó sanra gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí àga, ó sún síbì kan. "Ẹ jókòó, Baba." Bàbá jókòó tì í. Kámẹ́rà ń yí lọ, torí ẹni tó yẹ kó ní kí wọ́n dá a dúró ń sunkún lẹ́yìn ọkọ̀, ó di tẹlifóònù mọ́ àyà.

Onígbàjámọ̀ tó ń gé irun fún mi ló sọ ọ́ fún mi. Ó wà lára àwọn èrò tí wọ́n háyà lọ́jọ́ náà, abẹ sì wà lọ́rùn mi nígbà tó ń sọ ọ́, kò jẹ́ kí n lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbé abẹ kúrò, mo bi í bóyá bàbá tún padà wọ ihò. Ó lóun ò mọ̀. Ó ní ohun tóun mọ̀ ni pé nígbà tí gbogbo wọn jáde sínú oòrùn, bàbá àti ọmọ rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó lọ pè wọ́n.