Fóònù tí Rodrigue Dojú Rẹ̀ Dé

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá gbé ìwé-ẹ̀rí ìtẹ́tísílẹ̀ kọ́ sókè orí ara rẹ̀, ojú ló fẹ́ kí aráyé fi wo òun. Kì í ṣe etí ló fẹ́ yá wọn. Rodrigue, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbọ́ ẹ̀dùn àwọn aláròyé ní Àjàṣẹ́, kò mọ̀ pé ẹ ti fura. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ lórí àga bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Kútọnu, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tẹjú mọ́ Kadidjatou, opó tí ọkọ rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan ní sàréè. Gbogbo Àjàṣẹ́ ló mọ̀ pé opó Mùsùlùmí kì í jáde kí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, àfi bí ọ̀ràn bá kọjá ìfaradà. Rodrigue náà mọ̀ ọ́n. Kò rántí ni.

“Ọ̀gá, Issifou, àbúrò ọkọ mi, ti fi àgádágodo sí yàrá wa láti àná. Èémí ọmọ mi, Chakirath, máa ń há. Ike oògùn tó ń fín sẹ́nu wà nínú ibẹ̀.”

“Mo gbọ́ pé àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà,” ni Rodrigue fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn. “Báwo ni ìyẹn ṣe rí lára yín?”

“Lára tèmi kẹ̀? Lára ọmọ ni kí ẹ bi mí! Owó tí ǹ bá fi ra òmíràn wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe olórí àdúgbò kó ní kí wọ́n ṣí i. Yóò dá yín lóhùn. Èmi, ó ní kí n lọ jókòó ti opó mi.”

“Ẹ ń sọ pé wọn ò gbọ́ tiyín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni!”

Inú Rodrigue dùn. Bí aláròyé bá ti ní “bẹ́ẹ̀ ni”, olùkọ́ wọn ní Kútọnu máa ń sọ pé ìtẹ́tísílẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára nìyẹn. Ó wá dákẹ́, nítorí ìdákẹ́jẹ́ náà wà nínú ẹ̀kọ́. Ó ń ka ení, èjì lọ́kàn títí ó fi pé ẹ̀wá. Ojú Kadidjatou kò kúrò lára fóònù tí Rodrigue dojú rẹ̀ dé sórí tábìlì.

“Ọ̀gá, fóònù yẹn...”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Chakirath. Mo ti pa á. Tiyín nìkan ni mo ń gbọ́ lónìí.”

Obìnrin náà bú sẹ́kún. Rodrigue fi ọwọ́ méjèèjì na ìnujú oníbébà sí i, ó sì ní kó padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Nígbà tó lọ, ó kọ odindi ojú ìwé kan nípa ẹkún náà, ó tún un kà, ó rí i pé ó dùn.

Ní Ìṣẹ́gun, Kadidjatou dé lásìkò. Ó ní òun wá nítorí pé wọ́n ní kí òun wá. Rodrigue tẹ̀ síwájú, ó mi orí.

“Ìyá Chakirath, yàrá náà ńkọ́?”

“Wọ́n ti ṣí i ní Ọjọ́bọ̀,” ni ó wí. “Ẹní tí wọ́n fi gbé Chakirath lọ sí itẹ́ òkú wà nínú ibẹ̀.”