Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Ìyá Mùstàfá?

Jàmíátù ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun ò lọ sí Èkó mọ́. Ó sọ ọ́ lórí fóònù, ó tún sọ ọ́ nígbà tí ọmọ náà gbé mọ́tò dé sí Ìlá lọ́jọ́ Jímọ̀. Mùstàfá kàn ń di ẹrù ìyá rẹ̀ lọ ni, àfi bí ẹni pé rédíò ló ń sọ̀rọ̀.

"Màámi, ẹ ṣubú ní bálùwẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú ilé yìí. Lọ́la la ó máa lọ. Kí ló tiẹ̀ wà ní Ọ̀ṣun yìí gan-an?"

Inú bí Jàmíátù. Kí ló wà ní Ọ̀ṣun, àbí? Iṣu Òkè-Ìlá wà níbẹ̀, èyí tí kì í ní kókó bí a bá gún un. Àwọn tó fi iṣẹ́ aránṣọ rẹ̀ rán aṣọ ìgbéyàwó fún, tó tún rán aṣọ ìkómọ fún àwọn ọmọ wọn, wà níbẹ̀.

"Níbí, bí mo bá kí èèyàn, á dá mi lóhùn!"

Ó ti gbé lọ́dọ̀ ọmọ yìí l'Ékòó rí. Ó kí obìnrin ilé kejì ní "Ẹ káàárọ̀", obìnrin náà sì lọ bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì pé ta ni ìyá tó ń yọ òun lẹ́nu yẹn. Títí dòní, Jàmíátù ò gbàgbé.

Kí Mùstàfá tó sùn, ó fi àgádágodo ńlá kan ti ilẹ̀kùn àbáwọlé láti inú, nítorí olè, ó sì ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.

Àṣìṣe ńlá nìyẹn ní agboolé wọn. Bí àgbàlagbà bá ti kírun àsùbáà tán níbẹ̀, á ṣílẹ̀kùn, á gbé àpótí síta, kí ará ilé mọ̀ pé ó jí. Bí oòrùn bá yọ tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, ó ní láti jẹ́ àìsàn, tàbí ohun tí a kì í dárúkọ láàárọ̀.

Jàmíátù kírun tán, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó lè jí ọmọ rẹ̀. Kò jí i. Ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú tẹ̀súbáà, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó tilẹ̀kùn ni kó lọ ṣàlàyé.

Bọ́láwùmí, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta obì, ló kọ́kọ́ dé. "Ìyá Mùstàfá! Ṣé ẹ ti jí?" Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbá fèrèsé títí, ló bá figbe bọnu. Kò pẹ́ tí ojúde fi kún, tí Ràsákì ọlọ́kadà sì fi irin já ilẹ̀kùn.

"Olè!" Mùstàfá fò jáde tòun ti ṣòkòtò péńpé.

Ràsákì ti di apá rẹ̀ mú. "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fi ìyá wa ṣe?"

"Ìyá yín kẹ̀? Ìyá mi ni!"

"Kí ló dé tó o fi tì í mọ́lé bí adìyẹ?" Bọ́láwùmí ló fèsì, omijé lójú rẹ̀.

Ìgbà náà ni Jàmíátù yọ jáde. Bọ́láwùmí dì mọ́ ọn, ó ń bú u, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dun Jàmíátù pé òun já wọn láyà, ó sì bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò bẹ ọmọ rẹ̀.

"Mùstàfá, lọ́dọ̀ ẹ l'Ékòó, bí wọ́n bá pè mí tí n ò dáhùn, ta ni yóò jálẹ̀kùn?"

"Màámi, ọlọ́dẹ wà níbẹ̀."

"Ọlọ́dẹ tí kò mọ orúkọ mi? N ò lọ. Tú ẹrù mi."

"Ẹ̀rù ló ń bà mí nítorí yín."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Jàmíátù wò ó tó dúró ní ìhòòhò àyà láàárín agboolé, àánú rẹ̀ sì ṣe é gan-an.

"Ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ wà ní Kánádà. Ìwọ nìkan lò ń gbé inú fúláàtì yẹn. Bí ìwọ náà ò bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kan, ta ni yóò wá gbá fèrèsé?"

Mùstàfá wọlé, ó gbé àpótí ìyá rẹ̀ jáde síta.